Aṣọ Pupa Tí Lájídé Rà

Ewúrẹ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ojú ló rí ojú tí ìfẹ́ fi wọ̀. Abo ewúrẹ́ dúdú kan tí Màmá Martha ń sìn ní Kàbbà, olè ẹran tó máa ń jẹ aṣọ orí okùn, ló jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni ikùn rẹ̀ bá wú. Màmá Martha, Martha lorúkọ òun fúnra rẹ̀, figbe ta. Ó ní kí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun, sáré lọ pe dókítà ẹranko.

Dókítà tó bá a dé kì í ṣe bàbá arúgbó tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, Lájídé lorúkọ rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ẹran, ó sì ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Moyọ̀sọ́rẹ di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú fún un. Oògùn ṣiṣẹ́, ó tiẹ̀ ṣe àṣejù, nítorí ewúrẹ́ yàgbẹ́ sí àwọn méjèèjì lára. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Olùkọ́ ni Moyọ̀sọ́rẹ, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ti kọjá òun. Kò mọ̀ pé ìdí ewúrẹ́ ni tòun ti ń bọ̀.

"Tò, ó ti yá," Lájídé wí. "Ẹ má fún un ní èèpo iṣu tútù mọ́ o, mà."

Màmá Martha gbọ́ "tò" yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn Haúsá, ó sì fajú ro. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìyàrá ni mí, mà. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti dàgbà."

"Ìyàrá tí o kò gbé rí nìyẹn," ni Màmá Martha wí, ó sì wọlé lọ.

Àṣé inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo ìjà tó ń bọ̀ wà. Lájídé padà wá wo ewúrẹ́. Ó tún padà wá. Ewúrẹ́ ti sanra, ó ti ń jẹ aṣọ orí okùn padà, dókítà ṣì ń wá wò ó. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi Moyọ̀sọ́rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àìsàn ewúrẹ́ yìí ti wọ egungun. Kí òjò ọdún náà tó dá, Lájídé ti sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣaya, Moyọ̀sọ́rẹ sì ti gbà. Ayọ̀ ọ̀hún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

Màmá Martha ní tirẹ̀ kò ké, kò pariwo. Ó ń bó iṣu, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ ọjọ́ ọjà.

"Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Bàbá rẹ̀ ń kírun, ìyá rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kò dùn mí, irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Ohun tó dùn mí ni pé kò mọlé. Kò mọ ohun tí à ń ṣe àti ohun tí a kì í ṣe. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ta ni yóò sọ fún un ohun tí àna ń mú wá?"

"Màámi, a ó kọ́ ọ."

"Ta ni yóò kọ́ ọ? Ìwọ tó jẹ́ pé ìwé lo mọ̀?"

Nílẹ̀ wọn, ọmọbìnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ jà fún ọkọ níwájú ìyá, ọkùnrin náà kì í sì í dá nìkan wá. Alárinà ló ń rìn ín. Alárinà tí Moyọ̀sọ́rẹ yàn kò jìnnà rárá. Àǹtí Naomi ni, àbúrò Màmá Martha, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan, obìnrin tó mọ aṣọ, tó mọ ọ̀rọ̀, tí kò sì lọ́kọ.

Nípa àìlọ́kọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà ní mo fi pamọ́. Nígbà tí Naomi wà lọ́mọge, ọlọ́pàá kan tó jẹ́ àlejò nílùú fẹ́ ẹ. Martha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fẹ́ àlejò. Ọlọ́pàá náà kàn dédé gba Lọ́kọ́jà lọ ni, kò sì padà wá. Ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè. Gbogbo ilé gbà pé Naomi ti gbàgbé. Ẹ̀yin náà, ẹ dákun, ta ló ń gbàgbé irú ìyẹn?

"Fi sílẹ̀ fún mi," ni Àǹtí Naomi wí fún Moyọ̀sọ́rẹ. "Bí wọ́n bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá. Kí o ṣáà má gbàgbé mi."

Lájídé ló mú ìmọ̀ràn ìrìn-àjò wá. Ó ní bó bá ṣe pé Mọ́mì rò pé òun kò mọlé, òun yóò gbé wọn lọ sílé. Ó ti ń bi àwọn àgbà léèrè, ó ti gbọ́ nípa Òkè-Àfọ̀n, abúlé kan ní ìhà Bùnù, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, tí àwọn obìnrin sì ń hun aṣọ títí dòní. Òkè-Àfọ̀n yìí gan-an sì ni ìlú ìyá Màmá Martha. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Naomi gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìyá mi ti wá?" Wọ́n ní ó mọ̀. Ó ní, "Ó dára, màá lọ wẹ ẹsẹ̀."

Wọ́n gbéra láàárọ̀ kùtù nínú ọkọ̀ tí Lájídé yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ gbé mọ́ínmọ́ín lé itan, ìyá rẹ̀ jókòó síwájú, Àǹtí Naomi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀nà kò dára. Lájídé ń wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin sẹ́yìn ọkọ̀, bí ó bá sì ti rí kòtò, á ní, "Mọ́mì, ẹ dì í mú o." Nígbà tó yá, Màmá Martha fúnra rẹ̀ ló ń fi kòtò hàn án.

Ẹ̀yìn abúlé ni omi náà wà. A óò gbọ́ ọ kí a tó rí i. Ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ń yọ̀, òkúta ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lájídé bọ́ síwájú Màmá Martha, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ní kó gbé ọwọ́ lé òun léjìká. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ àgbà lórí èjìká ọmọ, títí wọ́n fi dé etí omi. Omi ń já bọ́ láti òkè gíga, ó funfun, ó ń fọ́n sí wọn lójú. Màmá Martha bọ́ bàtà. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó sì kígbe bí ọmọdé.

"Yéè! Ó tutù bó ṣe máa ń tutù! Naomi, wá wò ó! Ibí yìí ni ìyá wa ti máa ń fọ òwú. Orí àpáta yìí ni èmi ti yọ̀ ṣubú tí o fi mí ṣẹ̀sín títí di ọjọ́ Àìkú!"

Ó fọ́n omi sí Naomi lára. Naomi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nu ojú. Moyọ̀sọ́rẹ kò rí ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gòkè padà, ìyá náà na ọwọ́ láìwo ẹ̀yìn, ó ní, "Lájídé, ọmọ mi, fún mi lọ́wọ́."

Ọmọ mi! Moyọ̀sọ́rẹ yíjú síbi omi kí wọ́n má baà rí ẹkún rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti ṣíwájú díẹ̀, Lájídé dì í lọ́wọ́ mú.

"Ṣé o gbọ́? Ó pè mí ní ọmọ."

"Mo gbọ́."

"Wàláhì, mo fẹ́ ra nǹkan fún un lónìí tí kò ní í gbàgbé láyé rẹ̀. Aṣọ ni mo ń rò. Irú èwo ló fẹ́ràn?"

"Èmi kò mọ aṣọ òkè," Moyọ̀sọ́rẹ wí. "Bi Àǹtí Naomi."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n dé inú abúlé, Màmá Martha àti ọmọ rẹ̀ lọ kí baálẹ̀ ní gbàgede rẹ̀. Ìbátan ìyá Martha ni baálẹ̀ náà. Lájídé àti Àǹtí Naomi yà sílé àwọn ahunṣọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu Lájídé ni Moyọ̀sọ́rẹ ti gbọ́ ọ lẹ́yìn. Aṣọ pọ̀ lára ògiri, aláró, funfun, onílà wẹ́wẹ́. Ọ̀kan dá wà lókè, ó pupa, ó nípọn, iṣẹ́ ara rẹ̀ sì kọjá ti gbogbo ìyókù. Lájídé ní, "Àǹtí, ti pupa yìí ńkọ́? Ṣé ó yẹ Mọ́mì?" Àǹtí Naomi wo aṣọ náà pẹ́. Ó ní, "Àgbà tó níyì nìkan ló ń kàn. Kò sí aṣọ tó níyì tó o ní gbogbo Bùnù." Obìnrin tó hun ún kò jẹ́ kí Lájídé nájà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún un, ó sì tẹríba. Lájídé rò pé nítorí pé aṣọ náà níyì ni.

Ó wọ gbàgede baálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ apá. Àwọn àgbà wà lórí ìjókòó, Màmá Martha sì wà láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún un. "Òkun o," Lájídé kí wọn bí ará ibẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú Màmá Martha dùn sí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, Moyọ̀sọ́rẹ rí i lójú rẹ̀. Lájídé wá dìde, ó bọ́ sẹ́yìn Màmá Martha, ó tú aṣọ pupa náà, ó sì dà á bò ó láti èjìká dé orúnkún.

"Mọ́mì, ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́."

Bàbá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aṣọ náà.

"Yéè!" ni ó wí. "Ta ló kú?"

Aṣọ ipò ni. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo àgbà ńlá kí wọ́n tó gbé e lọ sí kòtò ni. Ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ Bùnù mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀, a kì í sì í dà á bo alààyè. Moyọ̀sọ́rẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, kò rí i rí ni. Ó wo Àǹtí Naomi. Àǹtí Naomi ń wo ilẹ̀.

Màmá Martha rọra ká aṣọ náà kúrò lára. Ó ṣẹ́ ẹ, ó tún un ṣẹ́, ó gbé e lé itan.

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá," ó wí. "Ọmọ Kàdúná ni."

Wọ́n gba ọ̀nà Kàbbà padà. Kòtò ń dé, ọkọ̀ ń já wọ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ẹ dì í mú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Lájídé dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ń sunkún, ó ní òun kò mọ̀. Màmá Martha ní, "Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ohun tí mo ti ń sọ náà nìyẹn. Má wá sílé mi mọ́." Ó wọlé. Ó sì mú aṣọ náà dání wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọlé mọ̀ pé "má wá mọ́" lẹ́nu ìyá ìyàwó kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ni yóò kó àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá, wọn yóò gbé obì àti epo dání, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò bẹ̀bẹ̀. Ará ilé ìyàwó yóò lé wọn, wọn yóò tún padà wá, ẹ̀bẹ̀ yóò sì wọlé nígbẹ̀yìn. Títí ìgbà náà, ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà ní ó ti ìyá rẹ̀ sẹ́yìn. Moyọ̀sọ́rẹ mọ èyí. Ó mọ̀ pé Lájídé kò mọ̀ ọ́n.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó lọ kó àwọn àgbà Ìyàrá wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ sọ fún un ìdí tí n kò fi ní í gbé fóònù rẹ̀."

"Màá sọ fún un," Àǹtí Naomi wí.

Fóònù ń dún. Moyọ̀sọ́rẹ á gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, á máa wo orúkọ Lájídé títí tí yóò fi dákẹ́. Inú rẹ̀ pín sí méjì. Apá kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e. Apá kejì ń bínú pé báwo ni àgbàlagbà ọkùnrin yóò ṣe ra aṣọ òkú láìbéèrè, pé bóyá òótọ́ ni Màámi ń sọ. Àǹtí Naomi dé láti ọ̀dọ̀ Lájídé, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ní àwọn ènìyàn òun kò ní í wá dọ̀bálẹ̀ nítorí àkísà aṣọ."

"Lájídé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èmi ni n óò máa purọ́ mọ́ ọn?"

Fóònù tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ yẹn. Moyọ̀sọ́rẹ pa á. Nígbà tó máa fi di ọdún tuntun, wọ́n ní dókítà ẹranko ti padà sí Kàdúná.

Ọdún ń gorí ọdún. Ewúrẹ́ dúdú kú, wọ́n sin òmíràn. Moyọ̀sọ́rẹ di igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn wá tọrọ rẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ wá láti Ìsánlú pẹ̀lú gbogbo ẹbí. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ẹ, òun kò fẹ́ ẹ. Ìyá àti ọmọ kì í jà. Wọ́n kàn jọ ń jẹun ni.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé Màmá Martha dè. Ó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Moyọ̀sọ́rẹ ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, Àǹtí Naomi sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Aláìsàn náà la ojú.

"Moyọ̀sọ́rẹ, kí ló dé tí ọmọ yẹn kò wá bẹ̀ mí?"

"Ọmọ wo, Màámi?"

"Ọmọ Kàdúná. Mo retí wọn títí. Mo ti ra ẹran àlejò sílẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá lè padà wá lẹ́ẹ̀kejì, màá gbà. Ó fún mi ní èjìká lójú omi, n kò gbàgbé."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́rẹ. "Ó ní àwọn ènìyàn òun kò ní í wá dọ̀bálẹ̀ nítorí àkísà aṣọ. Àǹtí ló..."

Òun àti ìyá rẹ̀ yíjú sí Naomi lẹ́ẹ̀kan náà. Naomi gbé abọ́ ẹ̀kọ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sá, kò sì sunkún.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó wí. "Mo sì sọ fún òun náà pé Moyọ̀sọ́rẹ ní kó fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó sunkún. Mo wò ó."

"Naomi! Kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Nígbà tí ọlọ́pàá mi wá, Martha, ta ló sọ fún un pé mo ti ní ọkọ ní Ìsánlú? Ta ló wá sọ fún mi pé ó ní mo burẹ́wà? Mo ti di arúgbó kí n tó gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí o fi ṣe é fún mi ni mo gbà ṣe é. N kò fi nǹkan kan kún un."

Màmá Martha yí ojú sí ògiri. Moyọ̀sọ́rẹ wo àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà, ó sì rí i pé láàárín wọn ni wọ́n ti jẹ ayé òun tán. Wọ́n rán Naomi níṣẹ́ ọmọ, ó fi tẹrú jẹ́ ẹ. Àmọ́ òun náà ńkọ́? Òun tó ní fóònù lọ́wọ́ tí kò gbé e? Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ó bọ́ síta, ó pe nọ́ńbà tí kò fìgbà kan pa rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Bàbá Success wà níta, wọ́n ń tọ́jú ẹran. Ta ni kí n ní ó pè?"

Moyọ̀sọ́rẹ fetí sí ẹkún ọmọ náà.

"Ẹ sọ pé ará Kàbbà ni," ó wí. "Ewúrẹ́ wa kan ló ṣàìsàn. Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu, ó ti yá."

Màmá Martha kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kó tó lọ, ó ní kí Moyọ̀sọ́rẹ ṣí àpótí òun. Aṣọ pupa náà wà nísàlẹ̀, ó wà bó ṣe ṣẹ́ ẹ lórí itan lọ́jọ́ náà, kò sí kòkòrò lára rẹ̀. Ó ní, "Òun ni kí ẹ fi bò mí. Ẹ sọ pé àna mi ló mú un wá."

Àwọn ará Òkè-Àfọ̀n wá síbi ìsìnkú, baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá. Kí wọ́n tó dé pósí, kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó gba òkú, wọ́n da aṣọ ipò bò ó láti èjìká dé orúnkún. Ó bá a mu. Gbogbo ènìyàn ló ní ó bá a mu. Baálẹ̀ wá gbọ̀n ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì ké jáde bí wọ́n ṣe ń ké e.

"Àna tó mú aṣọ yìí wá dà? Kó jáde, ká súre fún un."

Ojú gbogbo ènìyàn ń wá kiri. Ìyá tó bí ọmọ kan, tí ọmọ náà kò sì lọ́kọ, ibo ni àna yóò ti wá? Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àǹtí Naomi wà nígun ilé, ó ti fi ìborùn bo ojú.

Moyọ̀sọ́rẹ jáde síwájú. Ó kúnlẹ̀ níbi tó yẹ kí ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ sí, ó sì tẹ orí ba.

"Kò lè wá, Bàbá," ó wí. "Ẹ súre náà, màá bá a gbà á."

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní Ọlọ́run yóò dá ilé ọkùnrin náà sí. Ó ní aya rẹ̀ yóò bá a kalẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbẹ̀yìn rẹ̀, ẹkún kò ní í wọ yàrá rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.